Ìró Pẹ́dà Gìtá Àtúntò Nínú Oríṣiríṣi Áńpílífáyà: Àlàyé àti Àbá Ìperí

1. Ìfáárà

Ọ̀kan nínú ìṣòro tí ó máa ń dojú kọ ẹni tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ìró ni pé púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ ni ó ń gbé ìdájọ́ dání. Nígbà tí ìró gìtá bá jáde láti inú áńpílífáyà ní híhá, tí ó ń kùn bí agbo oyin, ó rọrùn fún olùtumọ̀ láti kọ ọ́ pé ohùn náà ti bàjẹ́. Báyìí ni ohun tí àwọn olórin ń pè ní dísítọ́ṣọ̀n ṣe máa ń di "ìbàjẹ́ ohùn". Ìtumọ̀ yìí yá lẹ́nu, ṣùgbọ́n àṣìṣe méjì ni ó kó sínú. Èkíní, ó sọ ohun tí olórin dìídì fi owó rà di àléébù ẹ̀rọ. Èkejì, ó ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ máa wá orísun ìró náà sí ojú kan ṣoṣo, bí ẹni tí ó ń wá ibi tí ìkòkò ti sán, nígbà tí ó jẹ́ pé láàárín ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta ni ìró náà ti ń wáyé.

Àwọn olùkọ́ èdè mọ irú ọ̀ràn báyìí dáadáa. Bí a bá bi ènìyàn léèrè ohùn tí ó wà lórí ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó túmọ̀ sí kí a fi owó gba nǹkan, yóò dáhùn pé ohùn ìsàlẹ̀ ni: rà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì rí nínú "Ó rà á". Ṣùgbọ́n nínú "Ó ra aṣọ", ohùn àárín ni ó wà níbẹ̀. Nǹkan kan kò ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe náà. Ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó wà ní ipò àbọ̀ ni ó fa ìyípadà. Bí pẹ́dà gìtá ti rí sí áńpílífáyà nìyẹn. Ẹni tí ó bá sọ pé pẹ́dà báyìí "máa ń dún báyìí", tí kò sì dárúkọ áńpílífáyà tí wọ́n so ó mọ́, ìdajì ọ̀rọ̀ ni ó sọ. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ti tún inú pẹ́dà tò, àti irú ìperí tí yóò jẹ́ kí olùkọ́ àti olùtumọ̀ lè sọ ọ́ ní ọ̀nà tí kò ní í ṣi ẹlòmíràn lọ́nà.

2. Bí ìró híhá ṣe di ohun tí ènìyàn ń wá

Gìtá oníná kò lè fúnra rẹ̀ dún dé etí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Okùn irin rẹ̀ ń gbọ̀n lókè òòfà tí wọ́n fi wáyà wé, ìgbọ̀n yẹn ni ó sì ń di ìgbì iná tí kò lágbára, èyí tí kì í sábà ju ìdámẹ́wàá mélòó kan nínú fólítì kan lọ. Ìgbì iná yìí ni ó ń gba inú wáyà lọ sí áńpílífáyà, tí áńpílífáyà yóò sì sọ ọ́ di ńlá títí yóò fi lè mi ojú sípíkà. Pẹ́dà ni àpótí kékeré tí wọ́n ń gbé sí àárín gìtá àti áńpílífáyà, tí olórin ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti tàn án tàbí láti pa á. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ orúkọ tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, "ẹ̀rọ àfẹsẹ̀tẹ̀" kò burú.

Ìjàǹbá ni ó kọ́kọ́ fi ìró híhá han àwọn olórin, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi di ohun tí wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Ní Nashville ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kan yọ́nú nígbà tí wọ́n ń gba orin Marty Robbins tí ó ń jẹ́ "Don't Worry" sílẹ̀, orin tí ó jáde ní 1961. Ìró híhá tí ó ti ibẹ̀ jáde dùn mọ́ àwọn ènìyàn. Glenn Snoddy, ẹni tí ó ń darí ẹ̀rọ náà, wá bí yóò ṣe fi tiransísítọ̀ ṣe irú rẹ̀, iléeṣẹ́ Gibson sì gbé pẹ́dà Maestro Fuzz-Tone jáde ní 1962. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Dave Davies tí ó wà nínú ẹgbẹ́ Kinks fi abẹ ya ojú sípíkà áńpílífáyà rẹ̀ kí ó lè há, ìró yẹn sì ni ó wà nínú "You Really Got Me" ti 1964. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Keith Richards ti ẹgbẹ́ Rolling Stones fi Fuzz-Tone ta gìtá nínú "Satisfaction". Ní 1966, pẹ́dà Fuzz Face jáde ní London. Roger Mayer, ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ ìwádìí nípa ìró fún ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí, wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú inú irú àwọn pẹ́dà bẹ́ẹ̀ fún Jimi Hendrix, ó ń pààrọ̀ àwọn ẹ̀yà inú wọn, ó sì ń tún wọn tò. Láti ìgbà náà ni títún inú pẹ́dà tò ti di iṣẹ́ ọwọ́.

Kò yẹ kí ìtàn yìí ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Ṣaworo tí onílù so yí ojú ìyáàlù dùndún ká ń fi ìró wínníwínní kún ohùn awọ. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ ọ rí tí ó sọ pé ṣaworo ba ohùn ìlù jẹ́. Ohun tí ó ń fi kún ìró ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ so ó mọ́ ọn. Bí "ìbàjẹ́" kò bá tọ̀nà fún ṣaworo, kò lè tọ̀nà fún pẹ́dà.

3. Ìbẹ́rí, ìtẹríba àti àwọn ọmọ ìró

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí ìgbì iná rọrùn láti fi ilé ṣàpèjúwe. Gbogbo ẹ̀rọ tí ń sọ ìgbì di ńlá ni ó ní àjà. Bí bátìrì pẹ́dà bá jẹ́ fólítì 9, ìgbì inú rẹ̀ kò lè ga ju ohun tí fólítì 9 yẹn gbà lọ. Nígbà tí orí ìgbì bá kan àjà, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ni yóò ṣẹlẹ̀. Ó lè jẹ́ pé àjà náà le koko, tí yóò sì gé orí ìgbì kúrò lójijì, tí ibi tí ó yẹ kí ó rí róbótó yóò wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí ni a lè pè ní ìbẹ́rí. Ó sì lè jẹ́ pé bí ìgbì ti ń sún mọ́ àjà ni ó ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kúkurú wọlé. Ìyẹn ni ìtẹríba. Nínú méjèèjì, ìrísí ìgbì ti yí padà. Ọ̀rọ̀ tí ó kó àwọn méjèèjì pọ̀ ni ìpàwọ̀dà ìgbì.

Ìyípadà ìrísí yìí ni ó ń bí ìró tuntun. Okùn karùn-ún gìtá, bí wọ́n bá yí i bí ó ti yẹ, ń gbọ̀n ní ìgbà 110 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí ni pé 110 hẹ́ẹ̀tìsì. Èyí ni ìyá ìró. Bí wọ́n bá bẹ́ ìgbì rẹ̀ lórí àti nídìí ní ìwọ̀n kan náà, àwọn ọmọ ìró tí ó ń fi kún un ni àwọn tí wọ́n jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta, márùn-ún àti méje ìyá wọn: 330, 550 àti 770 hẹ́ẹ̀tìsì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìbẹ́rí òkè kò bá dọ́gba pẹ̀lú ti ìsàlẹ̀, àwọn ìlọ́po méjì àti mẹ́rin, 220 àti 440, yóò jáde pẹ̀lú. Pẹ́dà OD-1 tí iléeṣẹ́ BOSS ṣe ní 1977 àti SD-1 tí ó tẹ̀ lé e ní 1981 dìídì lo àìdọ́gba yìí. Ìbẹ́rí tí ó le a máa bí ọmọ ìró púpọ̀ tí wọ́n ga jìnnà sí ìyá wọn, ìdí nìyẹn tí etí fi ń gbọ́ ọ bí ohun tí ó mú. Ìtẹríba kì í bí tó bẹ́ẹ̀, ìró rẹ̀ a sì máa kúnná.

Ọ̀ràn náà tún gbòòrò sí i nígbà tí okùn méjì bá dún pọ̀. Bí ọ̀kan bá jẹ́ 110 tí èkejì sì jẹ́ 165 hẹ́ẹ̀tìsì, ìpàwọ̀dà ìgbì yóò mú ìró 55 àti 385 jáde, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò ta okùn tí ó ń dún bẹ́ẹ̀. Bí okùn tí ó ń dún pọ̀ bá ti pọ̀ tó ni irú àwọn àlejò yìí yóò ti pọ̀ tó, títí ìró yóò fi dà rú. Nínú orin jùjú, níbi tí gìtá púpọ̀ ti ń ta lé ara wọn, tí gángan sì ń sọ̀rọ̀ láàárín wọn, ìró tí ó mọ́ gaara ni ó jẹ́ kí etí lè ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Kì í ṣe pé ìró híhá burú. Ibi tí ó bá yẹ ni ó ń gbé yẹ.

4. Ohun tí wọ́n ń tún tò

Pẹ́dà kan wà tí ó dára láti fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé àwọn tí ń tún pẹ́dà tò ti tú u wò púpọ̀púpọ̀. Òun ni Tube Screamer tí Ibanez ń tà, tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Jàpáànù. Irú tí wọ́n ń pè ní TS808 jáde ní ìparí àwọn ọdún 1970, TS9 sì tẹ̀ lé e ní 1982. Iṣẹ́ mẹ́ta ni ó ń ṣe. Ó ń sọ ìgbì di ìlọ́po. Ó ń fi dáyóòdù méjì tẹ orí rẹ̀ ba. Ó sì ń fi rẹsísítọ̀ àti kapásítọ̀ sẹ́ ìró, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi asẹ́ sẹ́ ògì.

Ìlọ́po rẹ̀ kò ṣòro láti ṣírò. Rẹsísítọ̀ òòmù 51,000 kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú èyí tí ó ṣeé yí láti òdo dé 500,000. A ó pín àròpọ̀ wọn fún 4,700, a ó sì fi 1 kún un. Ìlọ́po tí ó kéré jù nígbà náà jẹ́ nǹkan bí 12, èyí tí ó pọ̀ jù sì jẹ́ nǹkan bí 118. Ìgbì fólítì 0.1 tí ó ti inú gìtá wá ìbá di fólítì 11.8, èyí tí ó ju bátìrì pàápàá lọ, bí kò bá sí dáyóòdù tí ó ń dá a dúró. Dáyóòdù sílíkọ́ọ̀nù máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ọ̀nà fún iná ní nǹkan bí fólítì 0.6. Ibẹ̀ ni àjà pẹ́dà náà wà.

Ohun mẹ́ta ni àwọn tí ń tún un tò sábà máa ń fọwọ́ kàn. Èkíní ni dáyóòdù. Wọ́n lè fi èyí tí wọ́n fi jamaníọ́ọ̀mù ṣe rọ́pò rẹ̀, tí àjà rẹ̀ wà ní nǹkan bí fólítì 0.3, tàbí kí wọ́n fi dáyóòdù pupa tí ń tan ìmọ́lẹ̀ sí i, tí àjà rẹ̀ wà ní nǹkan bí fólítì 1.8. Èkejì ni kapásítọ̀ tí ó wà pẹ̀lú rẹsísítọ̀ òòmù 4,700. Bí ó bá jẹ́ 0.047 maikirofáráàdì, ìró tí ó wà lókè 720 hẹ́ẹ̀tìsì ni pẹ́dà ń sọ di ìlọ́po ní kíkún. Ìró ìsàlẹ̀ kì í rí tó bẹ́ẹ̀ gbà. Bí wọ́n bá fi 0.1 rọ́pò rẹ̀, ààlà yẹn yóò sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 339, ìró ìsàlẹ̀ púpọ̀ sí i yóò sì kópa nínú ìtẹríba.

Ẹ̀kẹta ni rẹsísítọ̀ méjì tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà àbájáde. Nínú TS9, òòmù 470 àti 100,000 ni wọ́n. Nínú TS808, òòmù 100 àti 10,000 ni. Ọ̀pọ̀ olórin ni ó ń san owó láti sọ TS9 di TS808 ní ọ̀nà yìí. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà àbáwọlé áńpílífáyà gìtá tí ó wọ́pọ̀ ní òòmù 1,000,000. Bí òòmù 470 bá dojú kọ mílíọ̀nù kan, ohun tí yóò sọnù níbẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún. Ìṣirò yìí ń kìlọ̀ fún olùkọ́ pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà tí wọ́n bá pààrọ̀ ni ó ń yí ìró padà tó bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́.

5. Áńpílífáyà mẹ́rin

Láti rí bí ọ̀ràn náà ṣe rí, ó yẹ kí a fi áńpílífáyà mẹ́rin wéra. Mẹ́ta nínú wọn ń lo fáàfù, ìgò kékeré tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, irú èyí tí ó wà nínú rédíò àtijọ́, tí ó máa ń gbóná kí ó tó ṣiṣẹ́. Fender Twin Reverb, tí ó jáde ní Amẹ́ríkà ní 1963, ní agbára tí ó tó nǹkan bí wọ́ọ̀tì 85. Àyè púpọ̀ wà lábẹ́ àjà rẹ̀, nítorí náà ó lè dún kíkankíkan kí orí ìgbì tó tẹ̀. Asẹ́ inú rẹ̀ a sì máa fa ìró àárín sẹ́yìn, kí ìró òkè àti ti ìsàlẹ̀ lè yọ. Vox AC30 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ti wà láti ìparí àwọn ọdún 1950, kò ju nǹkan bí wọ́ọ̀tì 30 lọ. Àjà rẹ̀ kò jìnnà. Nígbà tí wọ́n bá sì ta gìtá líle, iná inú rẹ̀ a máa rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ kí ó tó padà bọ̀ sípò, gẹ́gẹ́ bí iná ilé ti ń rẹ̀ nígbà tí ẹnìkan bá tan áyọ́ọ̀nù, èyí sì ń mú kí ìtẹríba rẹ̀ túbọ̀ rọ̀. Marshall oní wọ́ọ̀tì 100 tí Jim Marshall bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní London ní 1965 ní agbára púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn olórin a máa yí i sókè títí ìgbì yóò fi kan àjà. Ìró àárín rẹ̀ kò fà sẹ́yìn bíi ti Fender.

Ẹ̀kẹrin, Roland JC-120 ti ilẹ̀ Jàpáànù, tí ó jáde ní 1975, kò ní fáàfù kankan. Tiransísítọ̀ ni ó ń lò, agbára rẹ̀ sì jẹ́ wọ́ọ̀tì 120. Ìró rẹ̀ mọ́ gaara. Kì í sábà kan àjà, ṣùgbọ́n bí ó bá kan án, kì í tẹ̀. Bíbẹ́ ni ó ń bẹ́.

Sípíkà náà ní ipa tirẹ̀. Sípíkà gìtá kì í gbé ìró tí ó bá ju nǹkan bí 5,000 hẹ́ẹ̀tìsì lọ jáde dáadáa. Ó jẹ́ asẹ́ ìkẹyìn tí ń mú ìró líle kúnná. Ní ilé ìjọsìn tàbí òde àríyá tí wọ́n bá ti so pẹ́dà mọ́ míksà tààrà, láìsí áńpílífáyà gìtá láàárín, àwọn ọmọ ìró gíga wọ̀nyẹn yóò jáde láìsí asẹ́, ìró náà yóò sì máa ha etí. Pẹ́dà ni wọn yóò dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí ó ṣe pẹ́dà.

6. Nígbà tí àtúntò bá pàdé áńpílífáyà

Kókó ọ̀rọ̀ wà níhìn-ín. Ká ní olórin kan ní Tube Screamer mẹ́ta tí wọ́n bára mu, àyàfi pé dáyóòdù sílíkọ́ọ̀nù wà nínú èkíní, ti jamaníọ́ọ̀mù wà nínú èkejì, dáyóòdù pupa sì wà nínú ẹ̀kẹta. Ó fi gbogbo bọ́tìnì wọn sí ojú kan náà. Ní ìṣirò ṣókí, ìgbì tí ó ń jáde láti inú ẹ̀kẹta ga tó ìlọ́po mẹ́ta ti èkíní, ti èkejì sì jẹ́ ìdajì rẹ̀.

Nínú Roland, àyè pọ̀ lábẹ́ àjà. Pẹ́dà oní dáyóòdù pupa yóò dún kíkan ju àwọn yòókù lọ, ìró rẹ̀ yóò sì mọ́ jù wọ́n lọ, nítorí pé ìgbì kò tètè tẹ̀ nínú rẹ̀. Ti jamaníọ́ọ̀mù yóò há jù, yóò sì rọlẹ̀ jù. Ẹni tí ó gbọ́ ọ níbẹ̀ yóò sọ pé dáyóòdù pupa ń dín ìpàwọ̀dà ìgbì kù. Òtítọ́ ni ó sọ.

Bí wọ́n bá wá gbé àwọn pẹ́dà kan náà lọ sí AC30 tàbí Marshall tí wọ́n ti yí sókè, ọ̀ràn yóò yí padà. Ìgbì tí ó ga ní ìlọ́po mẹ́ta ni dáyóòdù pupa ń gbé wọ inú ilé tí àjà rẹ̀ ti sún mọ́ orí tẹ́lẹ̀. Àwọn fáàfù yóò tẹ̀ ẹ́ ba, ìró yóò há, yóò nípọn, yóò sì pẹ́ kí ó tó kú. Pẹ́dà oní jamaníọ́ọ̀mù, tí ó há jù lọ ní àkọ́kọ́, kò ní lè ti áńpílífáyà náà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó gbọ́ ọ níbẹ̀ yóò sọ pé dáyóòdù pupa ń fi kún ìpàwọ̀dà ìgbì. Òtítọ́ ni òun náà sọ. Àtúntò kan náà ni ó dín in kù níbì kan tí ó sì fi kún un níbòmíràn. Bí àwọn ẹlẹ́rìí méjì yìí bá ń bá ara wọn jiyàn, kì í ṣe etí wọn ni ó yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò ni kò ní àyè fún áńpílífáyà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kapásítọ̀ rí. Tube Screamer tí wọn kò tíì fọwọ́ kàn ń gbé ìró àárín yọ, Fender sì ń fa ìró àárín sẹ́yìn. Ohun tí ọ̀kan yọ ni èkejì fi kún. Èyí wà lára ìdí tí ìdàpọ̀ méjèèjì fi wu ọ̀pọ̀ olórin, lára wọn Stevie Ray Vaughan ti Texas (1954–1990), tí ó ń fi Tube Screamer ta gìtá nínú àwọn áńpílífáyà Fender. Bí wọ́n bá fi kapásítọ̀ 0.1 sí i, ìró ìsàlẹ̀ yóò pọ̀ sí i. Nínú áńpílífáyà tí ó mọ́ gaara, èyí lè mú kí ìró tí ó tínrín kún. Nínú èyí tí fáàfù rẹ̀ ti ń tẹ̀, ìró ìsàlẹ̀ tí ó pọ̀ yẹn yóò wọ inú ìtẹríba pẹ̀lú àwọn yòókù, àwọn ìró àlejò yóò pọ̀, ìró gìtá yóò sì ki bí ẹrẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ olórin tí ń lo Marshall fi ń yí ìlọ́po Tube Screamer sílẹ̀, tí wọ́n sì ń yí agbára àbájáde rẹ̀ sókè: wọn kò fẹ́ kí pẹ́dà há, wọ́n fẹ́ kí ó sẹ́ ìró ìsàlẹ̀ kúrò, kí ó sì ti áńpílífáyà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi èyí han akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kíyè sí ohun kan. Etí ènìyàn a máa fẹ́ràn ìró tí ó dún kíkan ju èyí tí kò dún tó o lọ, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ bára mu. Nítorí náà, kí ó kọ́kọ́ mú agbára wọn dọ́gba kí ó tó bèèrè ìyàtọ̀. Kí ó pààrọ̀ ohun kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì jẹ́ kí gìtá, ọwọ́ tí ń ta á, áńpílífáyà àti sípíkà wà bí wọ́n ti wà.

7. Àbá ìperí

Ìṣòro kan wà tí ó yẹ kí a yanjú kí a tó dábàá ìperí kankan. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ẹni tí ó ní kí ènìyàn "gbé ohùn sókè" ń fẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ kíkan. Nínú ẹ̀kọ́ èdè, ohùn òkè kì í ṣe ohùn kíkan. Ènìyàn lè fi ohùn òkè sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Nínú iṣẹ́ gìtá, ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì gidigidi, nítorí pé pẹ́dà Octavia tí Roger Mayer ṣe, tí Hendrix lò nínú "Purple Haze" ní 1967, ń sọ 110 hẹ́ẹ̀tìsì di 220. Òun ni ó ń gbé ohùn sókè ní tòótọ́. Áńpílífáyà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Agbára ni ó ń fi kún ìgbì. Nítorí náà, ó yẹ kí "òkè" àti "ìsàlẹ̀" jẹ́ ti iye ìgbọ̀n nìkan, kí "agbára ìró" sì dúró fún kíkan àti jẹ́jẹ́. Bí olùtumọ̀ kò bá sì fẹ́ lo áńpílífáyà, "amóhùnlágbára" yóò bá iṣẹ́ ẹ̀rọ náà mu ju "agbóhùnsókè" lọ.

Àwọn ìperí tí ó tẹ̀ lé e yìí ni àpilẹ̀kọ yìí ti lò, tí wọ́n sì wà fún àyẹ̀wò:

ìpàwọ̀dà ìgbì: ìyípadà èyíkéyìí nínú ìrísí ìgbì, yálà ó dùn mọ́ etí tàbí kò dùn.
ìbẹ́rí: ìpàwọ̀dà tí àjà líle fi gé orí ìgbì lójijì.
ìtẹríba: ìpàwọ̀dà tí orí ìgbì fi tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ó ti ń sún mọ́ àjà.
àjà: ìwọ̀n fólítì tí ìgbì kò lè kọjá nínú ẹ̀rọ kan.
àyè abẹ́ àjà: ohun tí ó ṣẹ́kù láàárín orí ìgbì àti àjà.
ìlọ́po: iye ìgbà tí ìgbì àbájáde fi ju ìgbì àbáwọlé lọ.
ìyá ìró àti ọmọ ìró: ìró tí okùn ń dún gan-an, àti àwọn tí wọ́n jẹ́ ìlọ́po rẹ̀.
asẹ́ ìró: ohunkóhun tí ń dín apá kan nínú ìró kù tí ó sì ń jẹ́ kí apá mìíràn kọjá.
àtúntò: mímọ̀ọ́mọ̀ pààrọ̀ ẹ̀yà inú ẹ̀rọ tí kò bàjẹ́.

Èyí tí ó kẹ́yìn nílò àlàyé díẹ̀. "Àtúnṣe" ni ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu, ṣùgbọ́n àtúnṣe ń fi hàn pé nǹkan ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Pẹ́dà tí wọ́n gbé lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ kí ó lè yí dáyóòdù rẹ̀ padà kò bàjẹ́. Tító tí wọ́n tò ó ni wọ́n fẹ́ kí ó yàtọ̀.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ó hàn nínú àlàyé tí ó ṣíwájú pé kò sí ìró kan tí a lè nà ní ìka pé ti pẹ́dà nìkan ni. Pẹ́dà ń fún áńpílífáyà ní ìgbì tí ó ní gíga àti ìrísí kan. Áńpílífáyà ń gbà á gẹ́gẹ́ bí àyè tí ó wà lábẹ́ àjà rẹ̀ ti tó. Sípíkà sì ń sẹ́ ohun tí ó kù. Títún pẹ́dà tò ń yí ìgbésẹ̀ kìíní padà, ṣùgbọ́n àwọn ìgbésẹ̀ yòókù ni ó ń pinnu ohun tí etí yóò gbọ́.

Fún olùtumọ̀, ìtumọ̀ èyí ni pé gbólóhùn tí ó bá fi pẹ́dà ṣe olùwà láìdárúkọ áńpílífáyà gbọ́dọ̀ jẹ́ ìfura fún un. Fún olùkọ́, ó túmọ̀ sí pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ ìró híhá gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bèèrè ibi tí orí ìgbì ti kan àjà kí ó tó sọ pé nǹkan kan bàjẹ́. Ọmọ tí wọ́n bá fi "ìbàjẹ́ ohùn" kọ́ yóò máa tú ẹ̀rọ tí kò ṣe nǹkan kan. Èyí tí wọ́n bá fi ìbẹ́rí, ìtẹríba àti àjà kọ́ yóò mọ ẹni tí ó tẹ̀, yóò mọ ibi tí ó ti tẹ̀, yóò sì lè sọ ọ́ ní Yorùbá kí ó yé ẹlòmíràn.